iPod kan láàárín Súrùlérè àti Balógun: bí orin yín ò ṣe ní sọnù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alága ni mo ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀, orin inú iPod classic 160GB ni mo sì máa ń fi sí i níbi ìdána. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó jẹ́ Windows wà nílé mi ní Súrùlérè, MacBook tí ọmọ mi fún mi sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Orin tó wà nínú ọ̀kan kò sí nínú èkejì. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé inú iPod nìkan ni wọ́n kù sí, títí kan àwọn tí a gbà sílẹ̀ látinú kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi tó ti dolóògbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo so iPod mọ́ MacBook, ó ní òun máa pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo yáa yọ ọ́. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí orin kan náà á fi wà nínú kọ̀ǹpútà méjèèjì, tí iPod á sì lè gba orin lọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn? Mo ní ìdána kan ní Sátidé yìí o.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Orin yín ṣì wà níbẹ̀ digbí, torí pé ẹ ò tẹ bọ́tìnnì kankan. Fún ti Sátidé yìí, ẹ fi iPod náà ṣiṣẹ́ bó ṣe wà, ẹ má so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rárá, ara ògiri ni kẹ́ ẹ ti ṣáájì rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó gba àkókò, kò sì ṣeé kánjú ṣe.

Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé kẹ́ ẹ má retí pé iPod ló máa gbé orin láti kọ̀ǹpútà kan lọ sí èkejì. Àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú bára dọ́gba láìsí iPod níbẹ̀ rárá, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan nínú wọn ṣe àgbà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iPod á wá máa gba tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí wá bá mi ní Ìkẹjà, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó wá, orin ẹlòmíì á sì ti lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí MacBook yẹn ń sọ. Nígbà tí Apple gbé iPod jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, àyè 5GB ló wà nínú rẹ̀, Mac nìkan ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Ọdún 2003 ni iTunes, ètò Apple tó ń tọ́jú orin lórí kọ̀ǹpútà, tó dé orí Windows. Èrò tí wọ́n fi ṣe é ni pé kọ̀ǹpútà kan ló ni orin, iPod kàn ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ kiri ni, èrò yẹn ò sì yí padà títí dòní. Àkójọ orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí kì í hàn sójú, iPod sì ń rántí nọ́ńbà àkójọ tó ti ń gba orin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà mọ bí káàdì àjọ òòjọ́ ṣe rí. Ìwé alájọ kan ṣoṣo ló bá káàdì yẹn mu. Tẹ́ ẹ bá gbé e fún alájọ mìíràn, kò ní rí orúkọ yín nínú ìwé rẹ̀, káàdì tuntun tí kò sí owó lórí rẹ̀ ló máa kọ fún yín. Bí MacBook ṣe wo iPod yín nìyẹn: kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Bọ́tìnnì mẹ́ta ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Cancel kì í ṣe ohunkóhun, òun ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀. Erase and Sync á pa gbogbo orin inú iPod rẹ́, á sì fi ti MacBook rọ́pò rẹ̀. Transfer Purchases ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, torí orúkọ rẹ̀ jọ ti ẹni tó fẹ́ kó orin yín jáde fún yín. Kìkì orin tẹ́ ẹ fi owó rà lórí iTunes Store ló ń kó. Orin kásẹ́ẹ̀tì bàbá yín kò sí lára ìyẹn.

Ewu kan tún wà nílé ní Súrùlérè tí kì í kéde ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé iTunes ti ń bá iPod ṣe sync fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń mú un bára dọ́gba pẹ̀lú àkójọ orin kọ̀ǹpútà, ohunkóhun tí kò sí nínú àkójọ ilé ló máa yọ kúrò nínú iPod, kò sì ní bi yín léèrè. Torí náà, lọ́jọ́ Ajé, ẹ ṣí iTunes, ẹ di Ctrl àti Shift mú pa pọ̀ kẹ́ ẹ tó ki okùn iPod bọ kọ̀ǹpútà, ẹ má sì tú ọwọ́ kúrò lórí wọn títí iPod á fi yọjú. Lórí Mac, Command àti Option ni ẹ máa dì mú. Ẹ wá lọ sí ojú ewé Summary, ẹ fi àmì sí Manually manage music and videos, kẹ́ ẹ tẹ Apply. Láti ìgbà náà lọ, orin kankan ò ní wọlé, kankan ò sì ní jáde, àfi èyí tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ ara yín fà.

Ní báyìí, ẹ kó ohun tó wà nínú iPod nìkan jáde. Níwọ̀n bí Windows ilé yín ti máa ń ṣí i, FAT32 ni wọ́n fi ṣètò díìsìkì inú rẹ̀, Mac náà sì lè kà á. Tó bá jẹ́ pé Mac ló kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀ ni, Windows á máa sọ pé kẹ́ ẹ ṣe format rẹ̀, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ láti tún un ṣètò, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ ṣí iPod ní File Explorer, ẹ lọ sí View, ẹ fi àmì sí Hidden items. Fóldà kan tó ń jẹ́ iPod_Control á yọ. Nínú rẹ̀ lẹ máa rí Music, ẹ ó sì bá àwọn fóldà tó ń jẹ́ F00, F01, F02 bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn sí fóldà tuntun lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà ni mo wí o: ẹ má gé wọn kúrò níbẹ̀, ẹ má pa orúkọ ohunkóhun dà nínú iPod. Bí orin bá pọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ náà mọ́jú, torí díìsìkì inú iPod classic kò yára.

Orúkọ àwọn fáìlì yẹn máa yà yín lẹ́nu. Lẹ́tà mẹ́rin tí kò ní ìtumọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́. Ẹ má bẹ̀rù. Orúkọ orin àti ti olórin wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní tag, bí ẹ bá sì ti fi wọ́n kún iTunes, orúkọ á jáde. Ti kásẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ sábà máa ń gbàgbé tag pátápátá. Tó bá sì jẹ́ WAV, irú fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀, ló fi gbà á, orúkọ tí ẹ ń rí lójú iPod lè má sí nínú fáìlì rárá, inú ìwé àkọsílẹ̀ iPod nìkan ló máa wà. Ẹ ṣí orin náà lójú iPod, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti iye ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ sínú ìwé. Iye ìṣẹ́jú yẹn lẹ máa fi dá a mọ̀ láàárín àwọn fáìlì onílẹ́tà mẹ́rin. Ó máa ń súni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohùn tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì bàbá yín lè má sí níbòmíràn láyé yìí, ó yẹ kéèyàn lo ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, torí ibẹ̀ ni orin wa ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ṣe ètò wọ̀nyí. Nínú jùjú àti fújì, apá kan àwo lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kò dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá gbà á sílẹ̀ á wá kọ Side A sí i, kò tún kọ nǹkan míì. Ẹ lè ní Side A ní Súrùlérè tó jẹ́ ti àpàlà, kẹ́ ẹ ní Side A ní Balógun tó jẹ́ ti wákà. Tí ètò tó ń mú fóldà méjì bára dọ́gba bá dé ibẹ̀, fáìlì kan náà ló máa pè wọ́n, á sì fi èyí tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ tuntun bo èkejì mọ́lẹ̀. Ẹ máa ní orin kan níbi tẹ́ ẹ ti ní méjì. Torí náà, ẹ sọ gbogbo wọn lórúkọ kẹ́ ẹ tó pa wọ́n pọ̀: olórin, àkọlé àwo, ọdún bí ó bá wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà apá kìíní tàbí apá kejì. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún Windows tó ń jẹ́ Mp3tag, ó lè ṣe ọ̀pọ̀ fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti àmì ohùn náà ńkọ́? Mo fẹ́ràn kí orúkọ orin wa gbé àmì rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n inú tag ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe orúkọ fáìlì. Ìdí ni pé lẹ́tà bíi ọ́ ṣeé tọ́jú ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ nínú kọ̀ǹpútà: ó lè jẹ́ o, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì lè jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì ohùn. Ojú wa ò rí ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ rí i. Díìsìkì Mac ti àtijọ́, èyí tó wà kí ìlànà ìṣètò díìsìkì tuntun tí wọ́n ń pè ní APFS tó dé ní 2017, máa ń tú gbogbo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ palẹ̀, Windows sì ń fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ wọ́n. Bí ẹ bá wá mú méjèèjì bára dọ́gba, orin kan náà lè di méjì tí orúkọ wọn jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀, tó bá sì di oṣù tó ń bọ̀, ó lè ti di mẹ́ta. Ẹ kọ orúkọ fáìlì ní lẹ́tà tí kò ní àmì, ẹ má sì lo àmì ìbéèrè (?) tàbí àmì dọ́ọ̀tì méjì (:) nínú rẹ̀, torí Windows ò gbà wọ́n.

Ẹ wá lọ sórí ètò iTunes ti ilé àti Music ti MacBook (òun ló rọ́pò iTunes lórí Mac), níbi ìṣètò fáìlì, ẹ mú àmì kúrò níwájú Keep Media folder organized àti Copy files nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi orin kún un. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, àwọn ètò méjèèjì á máa pa orúkọ dà, wọ́n á máa gbé fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn lẹ́yìn yín, iṣẹ́ orúkọ tẹ́ ẹ ṣe á sì dòfo.

Kọ̀ǹpútà ilé ni mo máa fi ṣe àgbà tó bá jẹ́ èmi. Òun ló ti mọ iPod yín tẹ́lẹ̀, hard disk rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀ fún èyí tó tóbi sí i láìná owó púpọ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó pinnu ohunkóhun, ẹ wo déètì tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, CR2032 ló ń jẹ́, òun ló ń bá a rántí ọjọ́ nígbà tí iná bá lọ. Tí bátìrì yẹn bá ti kú, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná ni kọ̀ǹpútà á padà sí ọdún àtijọ́ kan, orin tẹ́ ẹ sì tún ṣe lónìí á gbé déètì àtijọ́. Ètò sync tó ń fi déètì mọ èyí tó jẹ́ tuntun á wá fi èyí tí kò dára bo èyí tó dára mọ́lẹ̀. Ní Èkó wa níbí, mo máa ń wo bátìrì yìí kí n tó wo ohunkóhun mìíràn. Kò wọ́n.

Fún pípapọ̀ àkọ́kọ́, ẹ ra hard disk ìta tí à ń fi okùn USB so, kẹ́ ẹ fi exFAT ṣètò rẹ̀, ìlànà tí Windows àti Mac lè kà tí wọ́n sì lè kọ nǹkan sí. NTFS ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń bá dé láti ṣọ́ọ̀bù, Mac á kà á ṣùgbọ́n kò ní lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ kó orin ilé sínú rẹ̀, ẹ gbé e gba Eko Bridge lọ sí Balógun, kẹ́ ẹ lo ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ FreeFileSync láti fi bá fóldà orin MacBook mu. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó máa kọ́kọ́ fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn yín, fáìlì lẹ́yìn fáìlì, kó tó ṣe é. Two way ni kẹ́ ẹ yàn. Ẹ má yàn Mirror nígbà àkọ́kọ́ yìí, torí Mirror á sọ apá kan di ẹ̀dà èkejì gan-an, á sì pa ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní rẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa ju ohun tó bá parẹ́ sínú Recycle Bin, tàbí kẹ́ ẹ fún un ní fóldà kan tí á máa kó àtijọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ti Balógun tán, ẹ gbé díìsìkì náà padà sílé, ẹ ṣe bákan náà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni méjèèjì tó dọ́gba.

Lẹ́yìn náà, Syncthing, ètò tó ń mú fóldà kọ̀ǹpútà méjì bára dọ́gba fúnra rẹ̀, ló máa rọ̀ yín lọ́rùn jù. Ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, ẹ nawọ́ fóldà orin yẹn sí i, kẹ́ ẹ sì máa gbé MacBook lọ sílé lálẹ́ Jímọ́ọ̀. Bí méjèèjì bá ti wà lórí Wi-Fi kan náà, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, kò sì ní jẹ dátà yín. Ẹ tan File Versioning rẹ̀, kí ohun tẹ́ ẹ bá fi àṣìṣe parẹ́ níbì kan má bàa parẹ́ pátápátá níbì kejì. Fóldà orin nìkan ni kẹ́ ẹ fún un o. Ẹ má fi fáìlì àkójọ iTunes kún un, ìyẹn èyí tó ń parí sí .itl. Lẹ́yìn sync kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Add Folder to Library nílé, kẹ́ ẹ tẹ Import lórí MacBook, èyí tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní di méjì.

Àwọn kan á gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ kúkú gbé gbogbo àkójọ iTunes sórí díìsìkì ìta, kẹ́ ẹ máa di Shift mú láti ṣí i níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà. Ìmọ̀ràn yẹn dára gan-an fún ẹni tó ní Windows méjì, torí nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ni iPod á máa rí, kò sì ní bèèrè nǹkan kan. Kò bá tiyín mu. Láti macOS Catalina, ní 2019, ni Apple ti pín iTunes sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí Mac, àkójọ tí Music ń lò báyìí kì í ṣe èyí tí iTunes ti Windows lè ṣí. Orí Finder náà, ètò tí Mac fi ń ṣí fáìlì, ni iPod yín á ti máa yọ lórí MacBook yẹn. Nílé, ẹ rọ̀ mọ́ iTunes. Láti 2024 ni Apple Music ti dé fún Windows, bí ẹ bá sì fi sí i, iTunes kò ní bójú tó orin mọ́.

Níwọ̀n bí ẹ ti fi iPod sí manual nílé, ẹ lè so ó mọ́ MacBook báyìí kẹ́ ẹ fa orin sínú rẹ̀ níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n tí ìbéèrè Erase and Sync bá tún yọ, Cancel ni, kẹ́ ẹ sì dúró de ìgbà tẹ́ ẹ bá délé. Playlist ìdána yín, ẹ máa ṣe é nílé nìkan. Playlist kì í bá fóldà orin rìn, bí ẹ bá sì ń ṣe é níbi méjì, ẹ lè dé ìdí eré kẹ́ ẹ má bá orin ìwọlé ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ iná: tí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sínú iPod, ìwé àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ lè bàjẹ́, iPod á sì máa sọ pé kò sí orin kankan nígbà tí orin ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ ní UPS kan fún kọ̀ǹpútà ilé. Bí kò bá sí, orí MacBook tí bátìrì rẹ̀ kún ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ sì máa tẹ Eject kẹ́ ẹ tó yọ okùn, nígbà gbogbo.

Kásẹ́ẹ̀tì bàbá yín ńkọ́? Bí wọ́n bá ṣì wà, ẹ má jù wọ́n nù, ẹ gbé wọn sí ibi tí oòrùn àti ọ̀rinrin ò dé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún wọn gbà sílẹ̀, ẹ gbà wọ́n ní WAV, kẹ́ ẹ fi MP3 320 sínú iPod. Apá kan kásẹ́ẹ̀tì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó nǹkan bí 300MB ní WAV. Ní MP3 320, kò ju nǹkan bí 70MB lọ. WAV ni kẹ́ ẹ tọ́jú sórí díìsìkì ìta yẹn, kẹ́ ẹ sì fi í síbi tó yàtọ̀ sí ibi tí kọ̀ǹpútà méjèèjì wà, bóyá lọ́dọ̀ ọmọ yín.

Ohun kan tó kù ni iPod fúnra rẹ̀. Apple ti dá títa classic dúró láti 2014, díìsìkì tó ń yí ló sì wà nínú rẹ̀, ó ń gbó. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń dún ká-ká-ká, tàbí tí orin ń dúró láàárín, ẹ má tún fi ṣe eré mọ́ kẹ́ ẹ tó kó orin inú rẹ̀ jáde. Wọ́n lè yọ díìsìkì yẹn, kí wọ́n fi káàdì SD rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú adapter kékeré kan tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀, ó máa ń fúyẹ́ sí i, bátìrì rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn, orí Windows ti Súrùlérè ni kẹ́ ẹ ti ṣe Restore rẹ̀, kì í ṣe orí MacBook, kó lè jẹ́ FAT32 tí kọ̀ǹpútà méjèèjì lè kà.